OKÙN TÍ Ó SO ARA WA PỌ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Bí okùn tí a fi di ìgbálẹ̀ bá já, gbogbo ọwọ̀ rẹ̀ yóò fọ́n ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ọmọ ènìyàn rí. Egungun, ẹran ara, awọ àti iṣan kò lè dúró papọ̀ bí kò bá sí ohun tí ó so wọ́n mọ́ra.

Kí ni okùn náà?

Kọ́lájìn ni àwọn onímọ̀ ń pe olórí èròjà okùn yìí. Purotéènì ni, ó sì tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 gbogbo purotéènì ara wa. Fọ́nrán mẹ́ta ni ó lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Òun ni ó mú kí pọ̀nmọ́ yi, òun náà ni ó ń mú kí omi ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù dì bí ó bá tutù. Bí a bá fara pa, kọ́lájìn ni ara fi ń dí ojú ọgbẹ́ náà. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni à ń pè ní àpá.

Bí okùn kò bá lágbára

Ara kò lè lọ́ okùn yìí kí ó yi láìsí fítámìn C. Ewúrẹ́ àti ajá ń ṣe é nínú ara wọn, ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni ènìyàn ti ń rí tirẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn atukọ̀ tí wọ́n lo oṣù púpọ̀ lójú òkun láìjẹ èso tútù a máa ní àrùn scurvy. Erìgì wọn á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín wọn á máa mì, ọgbẹ́ tí ó ti jinná pàápàá á tún là. Ọ̀pọ̀ ni ó kú.

Ní ọdún 1747, James Lind, oníṣègùn ọmọ Scotland, pín aláìsàn 12 sí méjì méjì nínú ọkọ̀ Salisbury, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ohun ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tí ó jẹ ọsàn ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Síbẹ̀, ó di ọdún 1795 kí àwọn aláṣẹ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó pàṣẹ omi ọsàn kíkan fún àwọn atukọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa jẹ ọsàn, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́. Ẹ má ṣe se ẹ̀fọ́ jù, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù, nítorí fítámìn náà yóò bá a lọ.

Bí okùn bá pọ̀ jù

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n àpá mìíràn wà tí kì í mọ ìwọ̀n. Ara á máa hun kọ́lájìn lọ lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná, àpá náà á wú, á kọjá ààlà ọgbẹ́, á sì máa yún ni. Kílọ́ìdì nìyí. Ó wọ́pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Etí, àyà, èjìká àti àgbọ̀n ni ó ti wọ́pọ̀ jù.

Ẹ fi nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ràn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ẹlẹgbẹ́ yín tí ó ní i ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì sá fún un.

2. Ẹ má ṣe fi abẹ gé e nílé, ẹ má sì fi ohun gbígbóná jó o. Ọgbẹ́ tuntun ni ẹ dá sílẹ̀ yẹn; èyí tí yóò hù padà lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

3. Dókítà lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un rọlẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gé e ní ilé ìwòsàn, wọ́n máa ń fi ìtọ́jú mìíràn tì í lẹ́yìn.

4. Bí ó bá wà nínú ẹbí yín, ẹ má ṣe lu ihò etí kún ihò etí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Àìtó ń pani lára, àpọ̀jù náà ń pani lára. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó ń gbé ara ró.

Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́

(a) Kí ni iṣẹ́ kọ́lájìn nínú ara?
(b) Kí ni ó wo àwọn aláìsàn James Lind méjì sàn?
(d) Kí ni ó dé tí kò fi yẹ kí a gé kílọ́ìdì nílé?