Ohun Èlò Ọkọ̀ Fífọ̀: Kí Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ẹ fẹ́ máa fọ ọkọ̀ ní Sátidé láti fi kún owó ilé-ìwé, ẹ má tíì náwó sórí ìpara olówó ńlá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti aṣọ ìnukọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Iyanrìn ló ń ha ọ̀dà ọkọ̀. Bí ẹ bá fi fóòmù nu ara ọkọ̀, tí ẹ tún rì í bọ omi ọṣẹ, iyanrìn tí ẹ fọ̀ kúrò náà lẹ tún ń gbé padà. Nítorí náà, ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì bu omi lásán, kí ẹ máa kọ́kọ́ ṣan fóòmù níbẹ̀. Fóòmù táyà gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Owó tí ẹ pa lóṣù kan lè má tó tún ọ̀dà ilẹ̀kùn kan kùn fún ẹni tó fọkàn tán yín.

Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ńkọ́? Kò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bó wax tó ń dáàbò bo ọ̀dà. Ṣampú ọkọ̀ dára jù. Aṣọ microfibre tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má fi kan ọkọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Àwọn kan ń fi kẹrosíìnì pa rọ́bà kó lè dán. Ó ń ba rọ́bà jẹ́, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn.