Ẹ̀rọ Géèmù àti Háàdì Díráífù Ẹlẹ́nà

Àwọn ọmọ Yorùbá mọ ẹnà í sọ dáadáa. Bí ọ̀rẹ́ méjì bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí láti sọ lójú àgbà, wọn a máa fi ìró mìíràn há àárín ọ̀rọ̀ wọn, ẹni tí kò bá sì mọ òfin ẹnà náà yóò kàn máa wò wọ́n lẹ́nu ni. Irú háàdì díráífù kan wà lóde òní tí ń ṣe bákan náà. Ohunkóhun tí olówó rẹ̀ bá fi sínú rẹ̀, ì báà ṣe lẹ́tà, ì báà ṣe àwòrán ìgbéyàwó, ì báà ṣe géèmù, ẹnà ni ó ń sọ ọ́ dà kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jí i gbé, irin lásán ni ó gbé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ so irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe, àwọn méjèèjì kì í sábà gbọ́ ara wọn yé, ó sì yẹ kí ó mọ ìdí rẹ̀ kí dúkìá rẹ̀ má ba à bá a lọ.

Ègé ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú àpótí náà, láàrin okùn USB àti àwo tí a ń kọ nǹkan sí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó ń ṣe: ohun tí ó ń wọlé, a sọ ọ́ di ẹnà; ohun tí ó ń jáde, a tú u sí èdè gbangba. Òfin ẹnà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni AES, èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ṣe, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 2001. Bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ó gùn jù lọ, iye kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣeé ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé, bí a bá kọ iye náà sílẹ̀, nọ́ńbà 78 ni yóò wà nínú rẹ̀. Olè tí ó bá ní òun yóò dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì kú, iṣẹ́ náà kò ní í tíì bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi.

Ẹ̀rọ géèmù ńkọ́? Ní ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé Wii jáde. Ihò USB méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbá géèmù láti inú háàdì díráífù. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan rí ọ̀nà gbà wọlé, ẹṣin ni wọ́n sì gùn wọlé. Nínú géèmù tí ń jẹ́ The Legend of Zelda: Twilight Princess, akọni inú rẹ̀ ní ẹṣin, ẹni tí ó ń gbá géèmù náà ni ó sì lè sọ ẹṣin náà lórúkọ. Àwọn onímọ̀ náà ṣe fáìlì kan tí orúkọ ẹṣin inú rẹ̀ gùn ju ààyè tí a là sílẹ̀ fún un lọ. Ìyókù orúkọ náà kún kọjá ààlà bí odò tí ó kún bo bèbè, inú ìyókù yìí ni wọ́n sì fi àṣẹ tiwọn pamọ́ sí. Ẹ̀rọ náà gbọ́, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń kọ ètò tiwọn sínú Wii, títí kan ètò tí ń ka géèmù láti inú háàdì díráífù. Kí ènìyàn da àwo tí ó fi owó ara rẹ̀ rà kọ kí ó má ba à bàjẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó máa kó iṣẹ́ oníṣẹ́ tí kò san kọ́bọ̀ lé lórí, ọ̀tọ̀ pátápátá ni.

Oríṣi háàdì díráífù ẹlẹ́nà méjì ni ó wà. Èkíní kò ṣeé ṣí àfi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà: bí a bá so ó pọ̀, ètò kékeré kan yóò jáde, yóò sì béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Wii kò lè ṣiṣẹ́ ètò náà, nítorí náà àpótí náà kò ní í ṣí fún un láéláé. Owó ẹni tí ó rà á fún iṣẹ́ yìí ti wọ igbó.

Èkejì ní bọ́tìnnì nọ́ńbà lójú ara rẹ̀. Ògbufọ̀ inú rẹ̀ kò bìkítà nípa ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun okùn kejì. Bí nọ́ńbà àṣírí bá ti pé, ó ṣí. Síbẹ̀, ètò ni ohun gbogbo. Ẹ̀rọ géèmù ni a óò kọ́kọ́ tàn kí àpótí náà lè rí iná gbà, lẹ́yìn náà ni a óò tẹ nọ́ńbà, ìgbà tí ó bá sì ti ṣí tán ni a óò tó pe ètò tí ń ka géèmù. Bí a bá kọ́kọ́ pe ètò náà, yóò wò yíká, kò ní í rí ohun kan, yóò sì ní kò sí háàdì díráífù níbẹ̀. Nígbà mìíràn, bí ètò náà bá fẹ́ fa géèmù lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, a máa já ihò USB sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àpótí mìíràn a sì ti ilẹ̀kùn padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan lára àwọn tí ń ṣe é fi fi ààyè sílẹ̀ fún olówó rẹ̀ láti pàṣẹ pé kí ó wà ní ṣíṣí títí iná yóò fi kúrò lára rẹ̀. Iná fúnra rẹ̀ tún ni ọ̀ràn mìíràn. Ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ fún irú ihò USB bẹ́ẹ̀ jẹ́ mílíáńpíà 500. Àpótí tí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa kú lójijì, bí ó bá sì ti kú ni ó ti tì. Okùn ẹlẹ́nu méjì tí ó gba ihò méjèèjì ni àwọn ènìyàn fi ń bọ́ nínú èyí.

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹnà a máa dáàbò bo ohun ìní wọn nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹ̀rọ géèmù di onílé. Wii U tí ó jáde ní ọdún 2012 a máa bi olówó rẹ̀ léèrè bóyá kí òun tún háàdì díráífù tí òun kò mọ̀ ṣe fún ìlò òun. Ẹni tí ó bá fi ìwàǹwára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo àwòrán rẹ̀ ti lọ, ẹnà tàbí àìsí ẹnà.

Èyí tí ó burú jù ni kí kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ní ọdún 2001 ni Microsoft gbé Xbox jáde, tí ọ̀rọ̀ àṣírí tí ń ṣí háàdì díráífù inú rẹ̀ so mọ́ ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń tún un ṣe a máa tan ẹ̀rọ náà kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, wọn a sì yọ okùn ọ̀rọ̀ kúrò, wọn a fi í sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná ṣì wà lára háàdì náà. Títì lásán ni wọ́n ti ti ti Xbox; ohun tí ó wà lórí àwo rẹ̀ kì í ṣe ẹnà. Ti ẹlẹ́nà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ògbufọ̀ inú àpótí bá jóná, gbígbé àwo náà sínú àpótí mìíràn kò ràn án, nítorí ẹnà ni yóò máa sọ. Bí ẹnìkan bá sì ṣi nọ́ńbà tẹ̀ kọjá iye ìgbà tí a yàn, ọ̀pọ̀ àwọn àpótí yìí ni yóò pa kọ́kọ́rọ́ wọn run. Olówó rẹ̀ lè yan nọ́ńbà tuntun, kí ó sì tún máa lò ó, iná rẹ̀ yóò máa tàn bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n òfìfo ni yóò bá nínú rẹ̀, àwòrán tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn kò sì ní í padà wá mọ́.