Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: BÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ AGBO ILÉ BÁ DÁKẸ́

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà. Lónìí, a ó kọ́ ohun tí ó yẹ kí á ṣe bí lẹ́tà náà bá kọ̀ tí kò lọ.

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó ka ẹ̀kọ́.

Rútà: àpótí kékeré tí ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ìta, tí ó sì ń pín in fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé.
Wáyà: okùn tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ rútà.
Wi-Fi: ọ̀nà tí rútà ń gbà bá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láìsí wáyà.
Kóòdù: ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọ Wi-Fi.
Nọ́ńbà ẹ̀rọ: nọ́ńbà tí rútà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ tí a rán má baà ṣìnà.

1. OHUN TÍ A JỌ Ń LÒ

Íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n láti dá rà. Nítorí náà, ará ilé lè dáwó jọ kí wọ́n ra ẹyọ kan. Ìyá tí ń ta aṣọ ń fi í bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í wá ìwé kà. Bàbá ń fi í rí ojú ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun.

Ohun àjùmọ̀ní dára, ṣùgbọ́n ó ní ìjà tirẹ̀. Bí kànga agbo ilé bá gbẹ, olúkúlùkù á máa wo ẹnìkejì rẹ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì. "Ìwọ ni o wo fíìmù tí ó fi tán!" "Ọmọ rẹ ni ó fọwọ́ kan àpótí yẹn!" Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, a ti dá ẹnì kan lẹ́bi. Nígbà mìíràn, a ti tún san owó tí kò yẹ kí á san.

Ohun tí ẹ̀kọ́ òní fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti gé, kí ẹ tó wá ẹni tí ó gé e.

2. Ọ̀NÀ TÍ IṢẸ́ Ń GBÀ

Bí ẹ bá rán iṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà ń gba ọ̀nà tí ó pín sí mẹ́rin.

Apá kìíní wà láàrin ẹ̀rọ yín àti rútà. Wáyà tàbí Wi-Fi ni.
Apá kejì ni rútà fúnra rẹ̀.
Apá kẹta wà láàrin rútà àti ilé-iṣẹ́ tí ó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ òpó gíga tí ń ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́.
Apá kẹrin wà láàrin ilé-iṣẹ́ náà àti gbogbo ayé.

Apá kẹrin yìí gba ìsàlẹ̀ òkun. Ní Kútọ́nù, wáyà òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 àti ACE gúnlẹ̀ sí etí òkun. Ní Lomé, wáyà Equiano gúnlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì di ìṣòro ní Benin àti ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ nínú ilé tí yóò tún un ṣe. Sùúrù ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ti òkun bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Apá kìíní ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà apá kejì, títí ẹ ó fi dé ìta.

3. ÀYẸ̀WÒ MÁRÙN-ÚN

Ẹ mú ìwé àti gègé. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ti dára. Bí ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀, tí ó sì dára, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣe é.

Àyẹ̀wò kìíní: ẹ béèrè.
Ṣé ẹ̀rọ kan ni kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, àbí gbogbo rẹ̀? Bí omi kò bá dà ní ẹnu ẹ̀rọ omi yín, tí ó sì ń dà ní ti aládùúgbò, ẹ kò ní lọ bá ilé-iṣẹ́ omi jà. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù dán an wò, ẹ kọ́kọ́ pa dátà fóònù náà, kí ó lè jẹ́ Wi-Fi ilé nìkan ni ó ń lò. Bí ẹ kò bá pa á, fóònù á máa lo owó tirẹ̀, á sì tàn yín jẹ.
Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ni, ẹ̀bi wà ní apá kìíní. Bí ó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ rútà.

Àyẹ̀wò kejì: ẹ wo iná rútà.
Rútà ní iná kéékèèké níwájú. Bí kò bá sí èyí tí ó tàn, kò rí iná mànàmáná. Ẹ wo wáyà iná rẹ̀ àti ojú iná ara ògiri. Bí ó bá jẹ́ rútà fáíbà, ìyẹn wáyà gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ wo iná tí wọ́n kọ LOS sí. Bí ó bá ń pọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò dé láti ilé-iṣẹ́. Ẹ wò bóyá wáyà náà ti ká jù, tàbí ó ti ṣẹ́. Ẹ má fi ojú wo ẹnu wáyà náà, nítorí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ lè ba ojú jẹ́.

Àyẹ̀wò kẹta: ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.
Ẹ yọ rútà kúrò lára iná. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n. Ẹ dá a padà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí iná rẹ̀ fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún un tàn.

Àyẹ̀wò kẹrin: ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀rọ.
Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ kọ cmd sí ibi ìwákiri, kí ẹ sì tẹ Entrée. Fèrèsé dúdú kan yóò ṣí. Ẹ kọ ipconfig síbẹ̀, ẹ tẹ Entrée. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń sọ Faransé, ẹ wá ibi tí ó kọ Adresse IPv4. Nọ́ńbà ẹ̀rọ yín nìyẹn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí Passerelle par défaut. Nọ́ńbà rútà nìyẹn. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí nọ́ńbà tí ó jọ ọ́.
Bí nọ́ńbà ẹ̀rọ yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, rútà kò fún un ní nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà ló fún ara rẹ̀. Ó dàbí àlejò tí ó wọ agbo ilé tí kò sí ẹni tí ó fi yàrá hàn án. Ẹ wo wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá jẹ́ Wi-Fi, ẹ tún kóòdù kọ.

Àyẹ̀wò karùn-ún: ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ bóyá yóò jẹ́.
Nínú fèrèsé dúdú yẹn, ẹ kọ ping, ẹ fi àlàfo sílẹ̀, ẹ sì kọ ẹni tí ẹ ń pè. Ẹ pe mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:
ping 192.168.1.1 (tàbí nọ́ńbà rútà tiyín)
ping 8.8.8.8
ping wikipedia.org
Bí ó bá jẹ́ yín lóhùn, ẹ ó rí Réponse de pẹ̀lú iye àkókò tí ó gbà. Bí kò bá jẹ́, ẹ lè rí Délai d'attente de la demande dépassé. Ìyẹn ni pé a dúró títí, a kò gbọ́ nǹkan.

Bí rútà kò bá jẹ́ yín lóhùn, ẹ̀bi wà nínú ilé.
Bí rútà bá jẹ́, tí 8.8.8.8, ìyẹn ẹ̀rọ Google kan, kò jẹ́, ẹ̀bi wà lẹ́yìn rútà. Ẹ wò bóyá iye tí ẹ rà ti tán. Bí kò bá tán, ẹ pe ilé-iṣẹ́.
Bí 8.8.8.8 bá jẹ́, tí wikipedia.org kò jẹ́, ọ̀nà là. Ìwé orúkọ ni kò ṣí. Ẹ̀rọ kì í fi orúkọ rìn, nọ́ńbà ni ó ń fi rìn. Ìwé orúkọ yìí ni ó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ pa rútà, kí ẹ tún un tàn. Bí ó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ pé DNS ni kò dáhùn.

4. BÍ KÒ BÁ DÁKẸ́, ṢÙGBỌ́N TÍ Ó Ń FÀ

Ẹ ka iye ènìyàn tí ó wà lórí rẹ̀. Ká ní ẹ ra íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù kan tí àwòrán rẹ̀ mọ́ dáadáa lè gba nǹkan bí 5. Ẹni méjì tí ń wo fíìmù ti gbà á tán nìyẹn. Kì í ṣe olè, omi ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń bù.

Ẹ wo ibi tí rútà wà pẹ̀lú. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn ń dín agbára Wi-Fi kù, páànù irin sì ń dí i. Ẹ gbé rútà sí ibi gíga láàrin ilé, ẹ má gbé e sínú àpótí. Bí Wi-Fi yín bá ní orúkọ méjì, tí ọ̀kan parí pẹ̀lú 5G, èyí yára ṣùgbọ́n kì í jìnnà. Ẹni tí yàrá rẹ̀ jìnnà, kí ó lo èkejì.

5. ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ fojú inú wo agbo ilé kan ní Kétu. Alẹ́ ti lẹ́. Ọmọbìnrin ilé fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Òru ọjọ́ náà ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Ó ní àbúrò òun ni ó wo bọ́ọ̀lù tí ó fi tán. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá wọn ti ń tú ìró rẹ̀ láti mú 5.000 fráǹkì jáde kí wọ́n ra òmíràn.

Ìyá àgbà, tí ń lọ sí kíláàsì bíi tiyín, ní: "Ẹ dúró ná. Ọmọ mi, pa dátà fóònù rẹ, kí o fi Wi-Fi wò ó." Ìyá ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní: "Ìyá, ó ń ṣiṣẹ́." Nígbà náà, iye tí wọ́n rà kò tíì tán. Kọ̀ǹpútà nìkan ni. Wọ́n wo nọ́ńbà rẹ̀: 169.254. Wọ́n fi ọwọ́ tọ wáyà lẹ́sẹẹsẹ. Ní ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n rí ibi tí ilẹ̀kùn ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, títí ó fi já nínú. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rútà, wọ́n fi wáyà kúkúrú sí i. Orúkọ lọ. 5.000 fráǹkì padà sí ìdí ìró. Ẹ̀gbọ́n sì bẹ àbúrò rẹ̀.

6. OHUN TÍ A KÌ Í ṢE

A kì í fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rútà láìmọ ohun tí a ń ṣe. Ó ń pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́, kóòdù tí ẹ fi síbẹ̀ á sì lọ.
A kì í fi rútà sílẹ̀ lára iná bí àrá bá ń sán. Ẹ yọ wáyà iná. Bí wáyà bàbà bá ti ìta wọlé, ẹ yọ òun náà.
A kì í fún gbogbo ènìyàn ní kóòdù. Bí ó bá ti tàn kálẹ̀, ẹ yí i padà.
A kì í gbàgbé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá kú, ó lè padà sí ọdún tí ó ti kọjá. Ọ̀pọ̀ ojú-ewé á kọ̀ láti ṣí, nítorí ìwé-ẹ̀rí wọn kò ní bá ọjọ́ náà mu. Ẹ tún ọjọ́ ṣe.

Ẹ RÁNTÍ

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹ bá pe ilé-iṣẹ́, ẹ má sọ pé "kò ṣiṣẹ́" nìkan. Ẹ sọ pé: "Gbogbo ẹ̀rọ ni. Rútà jẹ́ wa lóhùn, 8.8.8.8 kò jẹ́. Láti agogo méje àárọ̀ ni." Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ẹ ti wo ilé yín.

ÌBÉÈRÈ

1. Apá mélòó ni ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ní? Ẹ dárúkọ wọn.
2. Kí ni ìdí tí a fi ń pa dátà fóònù kí á tó fi dán Wi-Fi wò?
3. Kí ni 169.254 ń sọ fún wa?
4. Báwo ni ìyá àgbà ṣe mọ̀ pé iye tí wọ́n rà kò tíì tán?

ÌṢIRÒ

1. Ẹni mẹ́rin dá 16.000 fráǹkì fún íntánẹ́ẹ̀tì oṣù kan. Èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san?
2. Íntánẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ mẹ́gábíìtì 20. Fíìmù kan ń gba 5. Fíìmù mélòó ni yóò gbà á tán?

IṢẸ́ ILÉ

Ẹ ya àwòrán agbo ilé yín. Ẹ fi ibi tí rútà wà hàn, tàbí ibi tí ẹ rò pé ó yẹ kí ó wà. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti nọ́ńbà tí a fi ń pe ilé-iṣẹ́ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ará ilé lè kà á. Kóòdù ni kí ẹ má kọ síbẹ̀.