Kòkòrò Tí Kílórìn Kò Lè Tètè Pa

Láti Ajah títí dé èbúté ọkọ̀ òkun Lekki, àárín ọ̀sà àti òkun ni ilẹ̀ wa wà. Iyanrìn ni, omi kò sì jìn sílẹ̀. Tí ṣaláńgá bá sún mọ́ kànga, tàbí tí àgbàrá òjò bá bo méjèèjì, ìgbẹ́ lè wọnú omi tí à ń pọn.

Lára kòkòrò tó máa ń bá ìgbẹ́ wọ omi ni Cryptosporidium. Ojú lásán kò lè rí i. Èèpo ara rẹ̀ le, ìdí nìyẹn tí kílórìn kì í fi í tètè pa á. Lọ́dún 1993, ó wọ omi ẹ̀rọ ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 403,000 èèyàn ló sì ṣàìsàn.

Tí ara ẹni bá le, ìgbẹ́ gbuuru yìí máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ṣùgbọ́n tí HIV tàbí oògùn jẹjẹrẹ bá ti sọ àwọn ọmọ ogun ara di aláìlágbára, ó lè pẹ́ títí, kó gbẹ omi ara ẹni, kó tilẹ̀ pani. Àwọn tó ní AIDS ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú ní Milwaukee.

Kí wá ni ṣíṣe? Álọ́ọ̀mù kàn ń mú kí omi mọ́ lójú ni. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dé e. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀.

Gbogbo ilé ni kí ẹ sè é fún o. A kì í mọ ẹni tó ń lo oògùn láàárín wa, kò sì yẹ kó dìgbà tó bá tú àṣírí ara rẹ̀ kó tó rí omi tó dára mu.