Ohun tí ó Ya Ògbóǹtarìgì Òmùwẹ̀ Sọ́tọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

Ìfáàrà

Omi pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Festac Town, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wáyé ní 1977, kò jìnnà sí ọ̀sà. Ní àwọn abúlé tí ó wà lódìkejì omi, ọmọdé a máa mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ̀wé. Síbẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹ̀bùn àbínibí nìkan ni ó ń sọ òmùwẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé ohun tí olùkọ́ lè kọ́ni ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Òmùwẹ̀ Etí Ọ̀sà àti Òmùwẹ̀ Ìdíje

Ọmọ etí ọ̀sà ń lúwẹ̀ẹ́ kí ó lè gúnlẹ̀ láyọ̀. Ó ń gbé orí sókè kí ó lè ríran, ó sì ń fi ẹsẹ̀ já omi. Èyí tọ̀nà fún ète tirẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Bí orí bá yọ sókè, ìdí a rì, omi a sì máa dá gbogbo ara dúró. Bí eré òmùwẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìdènà omi a di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí agbára nìkan kò fi tó. Ògbóǹtarìgì a na ara gbọọrọ, a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti mí, a sì fi ọwọ́ wa omi títí dé itan.

Àpẹẹrẹ Méjì

Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní wá láti Equatorial Guinea, tí ó múlé gbe Nàìjíríà lójú òkun. Nígbà tí Eric Moussambani dé Ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sydney ní 2000, nǹkan bí oṣù mẹ́jọ péré ni ó fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì tíì rí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oní-mítà 50 rí. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72 ni ó lò fún mítà 100; ìṣẹ́jú àáyá 48.30 ni Pieter van den Hoogenband fi gba wúrà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Moussambani ń lo àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 57. Ara kan náà ni. Ẹ̀kọ́ ni ó fi kún un.

Èkejì ni Mary T. Meagher ará Amẹ́ríkà, tí onímọ̀ Daniel Chambliss mẹ́nu bà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1989. Ní ọmọ ọdún 13, ohun méjì péré ni ó yí padà: ó ń tètè dé ibi ìdánrawò, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri bí ó ti tọ́ nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ yípo. Ó gba wúrà mẹ́ta ní Òlíḿpíìkì 1984.

Ohun tí ó Kan Olùkọ́

Gíga àti apá gígùn ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ti sọ pé ọmọ kan kò ní ẹ̀bùn ti pa ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ dé. Àṣìṣe kan ni kí ó máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan: orí ṣáájú, èémí tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ tó kàn. Kí ó ka iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ wa omi. Bí iye náà bá dín kù tí àkókò kò sì gùn sí i, ìtẹ̀síwájú ti dé. Kí ó rántí pẹ̀lú pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ: akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dá nìkan wọ omi, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun kékeré tí a ṣe bí ó ti yẹ, lójoojúmọ́, ni ó ya ògbóǹtarìgì sọ́tọ̀. Ìgboyà wà lọ́wọ́ ọmọ etí ọ̀sà. Ọwọ́ olùkọ́ ni ìlànà wà.