Omi Iyọ̀ Òun Ṣúgà: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Kíki Àpòpọ̀

Èmi ni ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kàn lọ́tẹ̀ yìí. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ fi kọ́ yín.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní sáà tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ JSS 1 kan tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi. Ó ti lọ sí ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó pa iná. Wọ́n sì ti kọ́ wa ní omi iyọ̀ òun ṣúgà ní kíláàsì: ṣíbí tíì 6 fún ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì fún iyọ̀, omi tó mọ́ lítà 1. Ṣíbí náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kò gbọdọ̀ ga bí ebè. Kíá, mo já píọ̀ wọ́tà kan, mo dà á sínú jọ́ọ̀gì, mo da ṣúgà àti iyọ̀ sí i, mo rò ó. Inú mi ń dùn, mo ti di dókítà!

Bí ọmọ náà ṣe fẹ́ gbé ife sẹ́nu ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wọlé. Ó tọ́ ọ wò, ó sì gba ife náà. Ó bi mí pé, "Omi mélòó lo lò?"

Mo ní, "Píọ̀ wọ́tà kan ni, Mà."

Ó ní, "Ka ara ọ̀rá ẹ̀ fún mi."

Mo wò ó: 50cl. Háà! Ìdajì lítà ni.

Kí ni kíki?

Tí iyọ̀ bá yọ́ sínú omi, ojú ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n kò lọ síbì kankan. Kíki ni iye ohun tó yọ́ sínú ìwọ̀n àpòpọ̀ kan. Òun là ń pè ní concentration ní kíláàsì. Ẹ rántí tíì dining hall: ṣúgà wà níbẹ̀ lóòótọ́, omi ló pọ̀ jù ú lọ! Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

Kíki = ohun tó yọ́ (gíráàmù) ÷ àpòpọ̀ (lítà)

Ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ tó bíi gíráàmù 3. Ṣíbí 6 ṣúgà tó bíi gíráàmù 24.

Bó ṣe yẹ kó rí:
Iyọ̀: 3 ÷ 1 = gíráàmù 3 nínú lítà kan
Ṣúgà: 24 ÷ 1 = gíráàmù 24 nínú lítà kan

Ohun tí èmi ṣe:
Iyọ̀: 3 ÷ 0.5 = gíráàmù 6 nínú lítà kan
Ṣúgà: 24 ÷ 0.5 = gíráàmù 48 nínú lítà kan

Ṣé ẹ rí i? Mi ò bu iyọ̀ lé iyọ̀ rárá, síbẹ̀ ó di ìlọ́po méjì. Omi tí mo dín kù ló fà á.

Kí ló burú níbẹ̀?

Ara ẹni tó ń ṣu gbuuru ti pàdánù omi. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń fa omi jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ara, ó sì léwu gan-an fún ọmọdé. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù máa ń fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ náà á tún le sí i. Tí wọ́n bá wà níwọ̀n, ṣúgà máa ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti gba inú ìfun wọ ara, omi á sì tẹ̀ lé wọn.

Àtúnṣe

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò dà á nù. Ó ní kí n já píọ̀ wọ́tà kejì sí i. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀:

Kíki àkọ́kọ́ × ìwọ̀n àkọ́kọ́ = kíki tuntun × ìwọ̀n tuntun
6 × 0.5 = kíki tuntun × 1
Kíki tuntun = 3

Ó pé! Ọmọ náà mu ún díẹ̀díẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì sì mú un lọ sí sick bay. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì kí ẹ tó ṣe bíi tèmi.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ike omi 75cl nìkan lo ní. Gíráàmù iyọ̀ mélòó àti gíráàmù ṣúgà mélòó lo máa lò kí kíki rẹ̀ má bàa yí padà? Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé wa. Ẹ má jí ti ara yín wò o!