Kí Ẹ Tó Ra Ọpọ́n Kọ̀ǹpútà Tó Ní Kíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní D-Line, ní Port Harcourt, tí ẹ ń yẹ ọjà wò ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Garrison, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ mọ fóònù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú. Èyí tó fẹ̀ tó ìwé kíkà ni táblẹ́ẹ̀tì, tí a lè pè ní ọpọ́n. Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ṣé ó yé yín?

Ó wá kan kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó bọ́tìnnì tí a fi ń kọ̀wé. Láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wọn ojú ọpọ́n. Kíbọ́ọ̀dù kì í sábà fẹ̀ ju ọpọ́n rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bọ́tìnnì ọpọ́n íǹṣì 10 máa ń há mọ́ra, ti íǹṣì 12 sì máa ń gba ìka dáadáa. Ṣé ẹ rí bí ojú ṣe kan bọ́tìnnì?

Ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ ni wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ní ojú irin wẹ́wẹ́ tó ń kan ti ọpọ́n, ibẹ̀ ló sì ti ń gba iná. Èkejì ni Bluetooth, tí kò nílò wáyà. Ó ní bátìrì tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa cháàjì rẹ̀ lọ́tọ̀. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, ti àkọ́kọ́ dín wàhálà kù. Àmọ́ bó bá bàjẹ́, irú tí wọ́n ṣe fún ọpọ́n yẹn gan-an lẹ máa wá. Ẹ ti mọ ìyàtọ̀ wọn báyìí, àbí?

Èyí tó le jù rè é: kíbọ́ọ̀dù kò sọ ọpọ́n di láàpútóòpù. Ní 2012, Microsoft gbé Surface RT jáde. Ó ní kíbọ́ọ̀dù tó ṣeé yọ, ojú rẹ̀ sì jọ ti Windows, ṣùgbọ́n àwọn ètò Windows tí àwọn ènìyàn ti ní tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó di 2013, ilé iṣẹ́ náà kéde àdánù 900 mílíọ̀nù dọ́là lórí rẹ̀. Bákan náà, ètò tí wọ́n ṣe fún Windows kì í ṣí lórí ọpọ́n Android. Ṣé ẹ ṣì ń bá mi bọ̀?

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí òǹtajà so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọpọ́n tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ gbé e lé itan, kí ẹ tẹ orúkọ yín pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, kí ẹ sì ṣí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe gan-an. Bí iṣẹ́ náà kò bá ṣí, ẹ má rà á, bó ti wù kó rẹwà tó.